Oògùn Méjì Nínú Ìkòkò Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Jẹjẹrẹ Prọ́sítéètì

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, Ṣàngó, Ìbàdàn

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó mú wa rí ìkẹwàá yóò mú wa rí ogún, yóò mú wa rí àádọ́ta.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ẹnì kan nínú wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ èlé àti ẹ̀yáwó ni n óò tún kó wá, nítorí báńkì ni mo ti ń jẹun. Owó yóò dé inú ọ̀rọ̀ yìí ṣá, ṣùgbọ́n ara ọkùnrin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. N kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo kà, tí mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí mo sì fi ojú oníṣirò wò, ni mo kó wá síwájú yín. Ẹni tó bá ní àìsàn, kó lọ rí dókítà rẹ̀. Kó má fi ọ̀rọ̀ Alukoro ṣe oògùn.

Ẹ wo ara yín lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò tíì pé ogójì ọdún. Lónìí, irun funfun ti yọ, àwọn kan tilẹ̀ ti ń fá a kí ìyàwó má baà rí i kà. Ọjọ́ orí tí a dé yìí gan-an ni àwọn dókítà sọ pé kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa prọ́sítéètì rẹ̀. Àwọn bàbá wa náà sì ti dé ọjọ́ orí tí àrùn náà ń mú èèyàn jù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá di ti bàbá àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà: bàbá ló ń ṣàìsàn, ọmọ ló ń sanwó, ọmọ yìí kan náà ló sì yẹ kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

KÍ NI PRỌ́SÍTÉÈTÌ?

Kókó kékeré kan ni, kò ju èso àsálà lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè lára omi tó ń gbé àtọ̀ ọkùnrin. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, kókó yìí lè wú, kí ìtọ̀ má já gaara mọ́, kí onítọ̀hún máa dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru. Wíwú yẹn nìkan kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Jẹjẹrẹ tirẹ̀, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sábà dun èèyàn. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfọhùn. Ọ̀pọ̀ bàbá ló jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀yìn tàbí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n ni wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí, tí wọ́n ti fi òróró ra ẹ̀yìn títí. Nígbà yẹn, àrùn ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé egungun. Irú èyí tó ti jìnnà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní oye díẹ̀. Ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.4 ọkùnrin káàkiri ayé ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in, nǹkan bí 375,000 ló sì ti ipa rẹ̀ kú. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ ní 2024 pé iye àwọn tí yóò máa ní in lọ́dún lè di mílíọ̀nù 2.9 tó bá fi di 2040. Ní Nàìjíríà, òun ni jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin jù. Ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ dáadáa, ọkùnrin 1 nínú 8 ni yóò ní in láyé rẹ̀. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó wà ní Peckham.

Àrùn náà kì í wo ojú ẹni ńlá. Ní oṣù Kọkànlá 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ ní gbangba ní Abẹ́òkúta pé òun ní in, òun gba ìtọ́jú, òun sì bọ́. Ó ti pé 80 ọdún nígbà náà, kò sì tijú láti sọ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n kéde pé Joe Biden, tó ti jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní in, tirẹ̀ sì ti dé egungun. Tí ọ̀gá àgbà méjì yìí bá lè sọ tiwọn, kí ló dé tí àwa ń pa á mọ́ bí ẹni jí ewúrẹ́?

GBÍGBA OÚNJẸ LẸ́NU ÀRÙN

Ní ọdún 1941, Dókítà Charles Huggins ní Yunifásítì Chicago, pẹ̀lú alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ Clarence Hodges, fi hàn pé jẹjẹrẹ prọ́sítéètì ń jẹun. Oúnjẹ rẹ̀ ni họ́mónù ọkùnrin, testosterone, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti kóró ẹpọ̀n wá. Bí wọ́n bá yọ kóró méjèèjì, tàbí tí wọ́n bá fún ọkùnrin ní họ́mónù obìnrin, ebi á pa àrùn náà, á súnkì, ìrora egungun á rọlẹ̀. Wọ́n fún Huggins ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Iṣẹ́ Andrew Schally àti Roger Guillemin lórí họ́mónù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún ara, tí àwọn náà gba Nobel lé lórí ní 1977, ló ṣí ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ tó ń dá ara dúró kó má pèsè họ́mónù ọkùnrin mọ́.

Ọ̀nà méjì yìí ló ṣì wà nílùú wa. Ọ̀kan ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, tó sì parí síbẹ̀. Èkejì ni abẹ́rẹ́ tí èèyàn á máa gbà lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní ti dídín họ́mónù kù, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Tí a bá ṣírò rẹ̀ dé ìparí, iṣẹ́ abẹ ló ń gba owó díẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí: wọ́n á ní wọ́n fẹ́ tẹ bàbá lọ́dàá. Bàbá á kọ̀, á ní òun ò ní lọ sọ́run láìpé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó fi agbára mú bàbá. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n ṣàlàyé, kí ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà wà, kí ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá yan abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ máa fo ọjọ́.

Ẹ̀yin ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọkùnrin tó bá wà lórí ìtọ́jú họ́mónù lè máa láàgùn lójijì bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dúró. Ọkàn rẹ̀ lè má sí níbi ìbálòpọ̀ mọ́. Ó lè sanra, egungun rẹ̀ lè fúyẹ́, ṣúgà lè gòkè, ọmú rẹ̀ lè wú díẹ̀. Kì í ṣe pé ó ní obìnrin níta, kì í sì í ṣe pé ó kórìíra yín. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá a rìn, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó máa rìn kiri kí egungun rẹ̀ lè lágbára. Ọkùnrin náà ṣì ni.

Kò parí síbẹ̀. Tó bá pẹ́, àrùn náà máa ń kọ́ bí a ṣe ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe oògùn oníhóró bíi abiraterone, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2011, àti enzalutamide ní 2012. Abiraterone ń dí ibòmíràn tí ara ti ń ṣe họ́mónù náà. Enzalutamide ń ti ilẹ̀kùn tí họ́mónù ń gbà wọlé sára àrùn. Wọ́n wá béèrè pé: kí ló dé tí a fi ń dúró kí àrùn kọ́kọ́ gbọ́n? Ẹ jẹ́ ká lo èyí látìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí LATITUDE, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 2017, ọkùnrin 1,199 tí tiwọn ti tàn kálẹ̀ ló kópa. Àwọn tó gba ìtọ́jú họ́mónù lásán, ìdajì wọn ló ṣì wà láàyè ní nǹkan bí oṣù 36. Àwọn tí wọ́n fi abiraterone àti prednisone kún tiwọn, ó tó nǹkan bí oṣù 53 kí wọ́n tó ku ìdajì. Ó lé ní oṣù 16 tí wọ́n fi jù wọ́n lọ. Ẹ fi oye yìí sọ́kàn, a óò padà lò ó.

JÍJÍ ỌMỌ-OGUN ARA

Ẹ jẹ́ ká wá sí apá kejì, èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù lórí Wásáàpù. Ọlọ́run dá ọmọ-ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí fijilanté àdúgbò ni wọ́n rí: wọ́n ń rìn kiri, wọ́n ń bi ẹni tí wọn ò mọ̀ ní orúkọ. Jẹjẹrẹ máa ń tàn wọ́n jẹ nítorí pé inú ilé ló ti jáde, aṣọ ọmọ ilé ló wọ̀. Ó tún mọ ibi tí bíréèkì ọmọ-ogun wà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má lè sún mọ́ òun. James Allison ní Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ní Japan ṣàwárí bí a ṣe lè tú bíréèkì náà sílẹ̀, wọ́n sì jọ gba Nobel ní 2018. Oògùn irú èyí ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ara àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Irú ìtọ́jú yìí ni wọ́n ń pè ní immunotherapy. Èmi yóò pè é ní ìtọ́jú ọmọ-ogun ara.

Fún prọ́sítéètì, èyí tó kọ́kọ́ yege ni sipuleucel-T, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin 2010. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà, wọ́n á ṣa ọmọ-ogun inú rẹ̀, wọ́n á fi ojú àrùn hàn wọ́n ní ilé iṣẹ́, wọ́n á sì dá wọn padà sára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣe é. Nínú ìwádìí tí ọkùnrin 512 kópa, ó fi oṣù 4 àti díẹ̀ kún ẹ̀mí wọn. Iye tí wọ́n gbé lé e nígbà tó jáde ni $93,000. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi: ẹ fi oṣù 4 pín in, ó lé ní $22,000 lórí oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó fẹ́ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oye tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn.

WỌ́N DÀ WỌ́N PỌ̀

Ó yẹ kí èèyàn rò pé tí oògùn kan bá ń gba oúnjẹ lẹ́nu olè, tí èkejì sì ń jí ọlọ́dẹ, méjèèjì pọ̀ á parí iṣẹ́. Ìrònú yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn onímọ̀ rí i pé tí họ́mónù ọkùnrin bá lọ sílẹ̀, ọmọ-ogun ara máa ń wọ inú prọ́sítéètì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2016, àwọn dókítà kan ní Portland ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí: wọ́n fi pembrolizumab, oògùn tó ń tú bíréèkì, kún enzalutamide fún àwọn ọkùnrin tí enzalutamide kò ran mọ́. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, àrùn àwọn mẹ́ta lọ sílẹ̀ kíákíá lọ́nà tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ìrètí ńlá sọ.

Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú mẹ́wàá kò tó láti fi dá owó báńkì. Ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ èèyàn wò ó, kí ìdajì gba oògùn méjèèjì, kí ìdajì tó kù má gba èkejì. Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí IMbassador250, ọkùnrin 759 ló kópa, wọ́n da atezolizumab pọ̀ mọ́ enzalutamide. Àwọn tó gba méjèèjì kò pẹ́ ju àwọn tó gba enzalutamide nìkan lọ: nǹkan bí oṣù 15 sí oṣù 17. Nínú KEYNOTE-641, ọkùnrin 1,244 ló kópa. Nínú KEYNOTE-991, tó jẹ́ ti àwọn tí ìtọ́jú họ́mónù ṣì ń ràn, 1,251 ni. Pembrolizumab àti enzalutamide ni wọ́n lò nínú méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n dá àwọn ìwádìí méjèèjì dúró nítorí pé àdàpọ̀ náà kò fi ẹ̀mí gígùn kún ti ẹnikẹ́ni, wàhálà tí oògùn ń fà sára sì pọ̀ sí i.

Kí ló fà á? Àrùn prọ́sítéètì kì í sábà yàtọ̀ púpọ̀ sí ara tó ti jáde, nítorí náà ọmọ-ogun ò rí àmì tó pọ̀ lára rẹ̀ tí wọn yóò fi dá a mọ̀. Ọmọ-ogun inú rẹ̀ pàápàá ò tó nǹkan. Bí a bá tú bíréèkì ọkọ̀ tí kò ní bẹntiróòlù, ibo ló fẹ́ lọ? James Allison fúnra rẹ̀, tó gba Nobel, jẹjẹrẹ prọ́sítéètì ló pa ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin rẹ̀.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn náà kò tì pátápátá. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ wà tí àmì pọ̀ lára àrùn tiwọn. Ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York, wọ́n yẹ 1,033 ọkùnrin wò, 32 ló ní irú rẹ̀, bíi 3 nínú 100. Láti oṣù Karùn-ún 2017 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí pembrolizumab fún ẹnikẹ́ni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ bá ní àmì náà, ibi yòówù tó ti bẹ̀rẹ̀ lára. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, oògùn náà lè ṣe bẹbẹ. Àyẹ̀wò ló ń sọ ẹni tó jẹ́. Ariwo Wásáàpù kò lè sọ ọ́.

ÀWA ALÁWỌ̀ DÚDÚ ŃKỌ́?

Nínú ìwádìí ńláńlá tí mo kà sílẹ̀ yìí, àwọn tó jọ wá kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa ni àrùn náà ń mú jù. Ohun kan wà tó yẹ ká gbọ́: nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó gba sipuleucel-T ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, nígbà tí wọ́n fi àwọn aláwọ̀ dúdú wé àwọn aláwọ̀ funfun tí oye PSA wọn jọra, àwọn aláwọ̀ dúdú lò tó oṣù 35, àwọn yòókù lò tó 26. Àkọsílẹ̀ lásán ni, kì í ṣe ìwádìí tí wọ́n pín èèyàn sí méjì, nítorí náà kò tíì tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó tó ìdí fún wa láti sọ pé kí wọ́n má fi àwa sílẹ̀ níta.

Àwọn ọmọ wa kan ti ń ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlákẹ́mi Odedina, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà, ló ṣáájú ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ onímọ̀ CaPTC ní 2005, tó so Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Áfíríkà pọ̀ lórí àrùn yìí. UCH wa níbí náà wà nínú ẹgbẹ́ oníwádìí MADCaP tó ń wo ìdí tí àrùn náà fi ń yọ ọkùnrin Áfíríkà lẹ́nu. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ nílùú Ìbàdàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò nílò físà láti débẹ̀. Láti Ṣàngó, ẹ wọ máíkírà dé Mọ́kọ́lá, ẹ gba Total Garden, ẹ ti dé.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Mo ṣèlérí pé owó yóò dé. Ọmọkùnrin kan wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ilé bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ yáwó lé ilé náà lórí. Wọ́n ti sọ fún un pé abẹ́rẹ́ kan wà lókè òkun tó ń jí ọmọ-ogun ara, pé tí bàbá bá ti lè gbà á, ó parí. Mo ní, "Àbúrò mi, abẹ́rẹ́ wo ni bàbá ń gbà báyìí?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó oṣù márùn-ún tí a ti ra abẹ́rẹ́ họ́mónù kẹ́yìn. Owó ni ò sí." Ẹ gbọ́ o. Oògùn tí ẹ̀rí wà fún láti 1941, wọn ò rówó rà á. Èyí tí ẹ̀rí ò tíì sí fún irú àrùn bàbá, wọ́n fẹ́ ta ilé nítorí rẹ̀.

Mo ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà bàbá kó béèrè ìbéèrè díẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí, ẹ̀gbọ́n kan gba ti abẹ́rẹ́, àwọn yòókù gba ti oògùn oníhóró. Ilé ṣì wà níbẹ̀. N ò ní purọ́ fún yín pé bàbá gbádùn pátápátá. Ṣùgbọ́n ìrora ìbàdí rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì jókòó síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó gbàdúrà fún wọn fúnra rẹ̀.

Abiraterone ti wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kòṣeémánìí láti 2019, ilé iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ ló sì ń ṣe é báyìí. Ní 2018, àwọn dókítà Yunifásítì Chicago sọ èsì ìwádìí lórí ọkùnrin 72. Àwọn kan lo ìdámẹ́rin oògùn náà pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ tí kò lọ́ràá púpọ̀. Àwọn yòókù lo odidi rẹ̀ lórí ikùn òfìfo. PSA àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀ bákan náà. Ìwádìí kékeré ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gé oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ ò tó bi dókítà ni.

OHUN TÍ MO GBÉ SÍWÁJÚ ẸGBẸ́

Nínú ọdún mẹ́wàá yìí, ẹgbẹ́ wa ti dáwó fún àìsàn, ó ti dáwó fún òkú. Ẹ má bínú sí mi, ti òkú ló pọ̀ jù. Bí bàbá ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, a ó ra aṣọ, a ó gba ìlù, a ó jó dé ojú agbo. Nígbà tí bàbá yẹn ń fo abẹ́rẹ́, ta ló gbọ́? Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò dìbò lé lórí.

Èkíní, kí a ní àpò ìlera tó dá dúró, tí a ó máa fi ran ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́wọ́ kí ìtọ́jú náà má já. Kí ìdá kan nínú owó aṣọ ẹgbẹ́ máa wọ ibẹ̀ lọ́dọọdún.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ tó dáwó fún ìtọ́jú olówó ńlá, nílé tàbí lókè òkun, kí a béèrè ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé àyẹ̀wò ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ibo ló sì dé? Ṣé ìtọ́jú họ́mónù ti bẹ̀rẹ̀, ṣé kò sì já? Ẹ̀rí wo ló wà pé oògùn tuntun yìí ń ran irú àrùn yìí lọ́wọ́, ṣé wọ́n sì ti yẹ àmì ara rẹ̀ wò? Èló ni gbogbo rẹ̀ títí dé òpin, ta ni yóò san ìdá kejì lẹ́yìn tí a bá san ìdá kìíní? Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìbéèrè dí àánú lọ́nà. A kò fẹ́ kí ẹbí kan ta ilé, kí wọ́n tún pàdánù bàbá, kí ìyá wá máa gbé ilé àdúgbò.

Ẹ̀kẹta, kí a yan ọjọ́ kan lọ́dún tí gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ yóò jọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA. Láti ọmọ ọdún 45 ni wọ́n sọ pé kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bá dókítà sọ ọ́. Ẹni tí àrùn náà bá ti mú ju ẹnì kan lọ nínú bàbá àti àwọn arákùnrin rẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà púpọ̀, láti ọmọ 40. PSA lè gòkè nítorí wíwú tàbí kòkòrò àrùn, nítorí náà kí ẹni tí tirẹ̀ bá ga má bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún. Dókítà ni yóò sọ bó ṣe kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá tètè rí tirẹ̀, ó lè bọ́ pátápátá, kò sì ní nílò gbogbo oògùn tí mo kà sílẹ̀ lónìí.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá àdàpọ̀ tí yóò jẹ́ kí ọmọ-ogun ara dá àrùn yìí mọ̀, mo sì gbàdúrà pé kó ṣojú wa. Ọjọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ bá dé, èmi Alukoro ni n óò kọ́kọ́ lu agogo rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ jẹ́ ká ra èyí tí ẹ̀rí wà fún, ká rà á lásìkò, ká má sì jẹ́ kó já.

A ó jọ dàgbà, a ó jọ gbó, a ó jọ tọ́. Ìpàdé wa lẹ́nu àyẹ̀wò, kó má jẹ́ lẹ́nu oókan àyà.